Iṣẹ́ Ẹni tí Ń Ṣètò Ìtàgé fún Ẹgbẹ́ Òṣèré Kékeré

Kò pẹ́ tí mo ti òkè òkun dé ni ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan ní Ìkòsì, lẹ́bàá Kétu, ní kí n wá máa bá àwọn ṣètò ìtàgé. Wọn kò ju mẹ́rìnlá lọ: aránṣọ wà nínú wọn, olùkọ́ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn tí ń tajà ní Mile 12 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Eré ọba ni wọ́n fẹ́ ṣe. Mo ya àwòrán ààfin kan tí ó gún régé, mo ní kí káfíńtà fi pákó kàn án, a sì kùn ún ní ọ̀dà. Nígbà tí eré ku ọ̀tunla, a gbé e dé gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ó ti ṣeré, ààfin kò sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Káfíńtà kò jẹ̀bi. Ohun tí mo yà ni ó kàn. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ àwọn òṣèré ni a ti fi ra pákó náà.

Kí ni iṣẹ́ yìí gan-an? Ẹni tí ń ṣètò ìtàgé ni ó ń pinnu ohun tí ojú òǹwòran yóò rí kí òṣèré tó la ẹnu: aṣọ, ìjókòó, àwọ̀, iná, ohun tí a ó mú lọ́wọ́, ọ̀nà tí a ó gbà wọlé àti èyí tí a ó gbà jáde. Nínú àwọn ilé eré ńláńlá ti ìlú òyìnbó, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń mójú tó aṣọ, ọ̀tọ̀ ni ti iná. Nínú ẹgbẹ́ kékeré, ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń já lé léjìká, wọ́n sì tún lè ní kí ó wá bá wọn lu agogo.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ ọ. Ọ̀mọ̀wé J. A. Adédèjì, ẹni tí ó kọ ìwé oyè rẹ̀ lórí eré alárìnjò ní Ìbàdàn ní 1969, jẹ́ kí ó yé wa bí iṣẹ́ àwọn eégún apidán ti jinlẹ̀ tó. Agbo ni ìtàgé wọn, aṣọ sì ni ààfin àti igbó wọn. Òṣèré a wọlé bí ènìyàn. A yí inú aṣọ síta, a sì di ejò ńlá tàbí ọ̀nì lójú gbogbo ayé. Gbogbo ẹrù wọn kò ju ohun tí orí lè rù láti ìlú dé ìlú.

Ọ̀rọ̀ ẹrù yìí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ní 1963 ni ó gbé Lánkẹ́ Ọ̀mùtí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti inú ìwé Amos Tutùọlá tí ó jáde ní 1952. Demas Nwoko ni ó ṣètò ìtàgé àti aṣọ eré náà, ẹni tí ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Paris. Ẹ wo irú iṣòro tí ó wà nínú ìwé náà: arẹwà ọkùnrin kan fi owó yá ẹ̀yà ara, ọmọbìnrin kan sì tẹ̀lé e láti ọjà, ó ń dá ẹ̀yà ara wọ̀nyí padà fún àwọn oní-nǹkan lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Báwo ni a ó ṣe fi èyí han ènìyàn? Bí mo bá kọ́ igbó sórí ìtàgé, kò ràn mí lọ́wọ́ rárá. Lára òṣèré ni iṣẹ́ náà wà, nínú ohun tí a lè bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan a máa sọ pé yunifásítì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba eré Ògúnmọ́lá jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Eré náà kúrò ní Ìbàdàn, ó rin ìrìn àjò, ó sì dé Algiers ní 1969.

Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnìkan sí i tí a kì í sábà rántí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo, tí ó gbé Ọba Kòso jáde ní 1963, Jimoh Buraimoh ni ó ń mójú tó iná. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníná yìí náà ni ó wá di gbajúmọ̀ ayàwòrán tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà.

Èmi náà kọ́ ẹ̀kọ́ iná ní Ìkòsì. Iná ìjọba lọ, a tan àtùpà, etù ọba sì di dúdú kirikiri. Nítorí aṣọ aláró kì í hàn dáadáa lábẹ́ iná tí ó pọ́n rúsúrúsú. Aránṣọ inú ẹgbẹ́ wa ni ó sáré fi aṣọ funfun gbá etí rẹ̀, ni ọba bá tún hàn.

Ní ti ààfin, ìyá kan tí ń ta ata ní Mile 12 ni ó gbà wá. Ó ní, “Ọ̀mọ̀wé, ẹ wá kó apẹ̀rẹ̀.” Ogún apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí ó ṣófo ni a kó wá. A to mẹ́fà jọ, a fi aṣọ pupa bò ó, ó di ìtẹ́. Nígbà tí a tú u ká, ó di ọjà. Nígbà tí a tò ó lọ gbọọrọ, ó di odi ìlú. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí ògiri ààfin wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe ọba fi ẹ̀sùn sùn mí pé ìtẹ́ òun ń rùn.

Láti inú owó oṣù mi ni mo ti dá owó ọkọ̀ wọn padà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pín in san. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fi pákó ààfin ṣe bẹ́ǹṣì. Títí di òní, bí mo bá ti mú ìwé àti pẹ́ńsùlù jáde, aṣáájú ẹgbẹ́ a wò mí, a ní, “Ọ̀mọ̀wé, ẹnu ọ̀nà ńkọ́?”