Òróró Tó Kù Sínú Ọ̀rá Fẹ́rẹ̀ẹ́ Sọ Ọmọ Ọlọ́mọ Di Olè!

Ọ̀rọ̀ kan wà ńlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ òróró ni, ọ̀rọ̀ ọ̀rá ni, ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ sì ni pẹ̀lú.

Ní gáréèjì kan ní Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, ó ṣojú mi. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń dín ẹyin tà pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì. Ìyá Ẹlẹ́yin ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí òróró di ọ̀wọ́n gógó, tí apá rẹ̀ kò ká kẹ́ẹ̀gì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọ̀rá kéékèèké, èyí tí òróró inú rẹ̀ kò ju 70 mílílítà lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dín ẹyin náà, ìṣirò rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ digbí: ọ̀rá kan, àwo ẹyin márùn-ún. Kì í yẹ̀. Ìgbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni ó fi ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, sídìí sítóòfù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá jókòó ti ìṣirò. Ogójì ọ̀rá ni wọ́n ti já. Ogójì lọ́nà márùn-ún, igba àwo nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwo 186 péré ni òróró náà dín tó fi tán. Ẹyin pé, búrẹ́dì pé, owó pé. Òróró ni kò pé. Àwo 14 ló dín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rá mẹ́ta.

“Ta lo ń gbé òróró mi fún?”

“Màmá, mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni o.”

“Ṣé ó wá hu ìyẹ́, ó fò lọ ni?”

Ẹkún sọ. Ọmọ búra títí, ó fi ọwọ́ kanlẹ̀, ó fi kan àyà. Ìyá ní òun ò gbọ́. Ó ní kó lọ di ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni yóò bá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, òun ò lè fi olè sídìí owó òun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ tí wọ́n bá dá padà sílé nítorí olè, orúkọ náà ni yóò máa jẹ́ títí tí yóò fi dàgbà.

BÀBÁ ONÍBÁTÌRÌ DÁ SÍ I

Bàbá kan tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ní ẹ̀gbẹ́ wọn ló dìde. Ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́yin, ẹ fi sùúrù sí i. Níbo ni àwọn ọ̀rá tí ẹ ti já wà?”

Wọ́n wà nínú àpò kan lẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n ń kó wọn jọ de àwọn tó ń ra ọ̀rá kiri. Bàbá mú ọ̀kan, ó fi sísọ́ọ̀sì là á láti òkè délẹ̀, ó sì fi ìka nu inú rẹ̀. Òróró yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Ó ní kí wọ́n gbé okùn wá. Wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ gbé àwọn ọ̀rá náà kọ́ sínú oòrùn, gbogbo ẹnu wọn dorí kodò, wọ́n sì gbé abọ́ sábẹ́ wọn.

Tó ìgbà tí ọkọ̀ Ọ̀yọ́ méjì fi kún tí wọ́n sì lọ, òróró abọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo mílíìkì kan. Ìyẹn nìkan dín ju àwo mẹ́wàá lọ. Èyí tó kù lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá síbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́yin wo agolo, ó wo ọmọ. Kò sọ̀rọ̀. Ó mú ọ̀rá tuntun kan, ó ní kí ọmọ já a lójú òun. Ọmọ fi eyín já a bíńtín lókè, ó fún un láàárín, òróró tú jáde, ó sì sọ ọ̀rá nù. Ìyá náà mú ọ̀kan. Ó gé igun rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ká a láti ìdí wá bí ẹni ń ká ẹní, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí páànù, ó sì dúró títí ó fi kán tán. Bó ṣe ń ṣe é ni ó dákẹ́ lójijì. Ó ní, “Háà! Ṣé bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí?”

Ẹ ò rí i! Ọwọ́ ìyá mọ̀ ọ́n, ẹnu ìyá kò sọ ọ́ rí. Ó rò pé ohun tí òun mọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó fa ọmọ mọ́ra, ó ní, “Má bínú, ọmọ mi.” Ẹrù tí wọ́n ti dì, wọ́n tú u.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ó FI Ń KÙ?

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹ wo agolo mílíìkì olómi. Ihò mélòó la máa ń lu sí i lórí? Méjì ni. Tí ẹ bá lu ẹyọ kan, mílíìkì yóò kọ̀, yóò máa kán bí ẹni tí wọ́n ń fipá mú. Ihò kejì wà fún afẹ́fẹ́. Agolo le, kò lè sún kì. Bí mílíìkì ṣe ń jáde, ohun kan gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì fi máa ń ké “gbọ́ọ́kù, gbọ́ọ́kù” nígbà tí a bá ń da epo níbẹ̀. Epo ń jáde, afẹ́fẹ́ ń wọlé, wọ́n ń fi èjìká gbá ara wọn lẹ́nu ọ̀nà kan náà.

Ti ọ̀rá yàtọ̀. Ẹ wo píọ̀-wọ́tà tí ẹ ń mu lójoojúmọ́. Ihò kan ṣoṣo ni ẹ já sí i, síbẹ̀ ẹ fà á mu dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rá rọ̀, ó ń sún kì bí omi ṣe ń lọ. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ló ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta, ẹnu àti ọwọ́ yín sì ń ràn án lọ́wọ́. Kò wá afẹ́fẹ́ kankan sínú. Oore tí ọ̀rá ṣe fún wa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n oore náà ní ìyọnu tirẹ̀. Ọ̀rá tó ń sún kì kò mọ ibi tó yẹ kó ti kọ́kọ́ sún. Bí ẹ bá fún un láàárín, ara rẹ̀ méjèèjì yóò lẹ̀ mọ́ra, wọn yóò di ilẹ̀kùn. Èyí tó wà níwájú ilẹ̀kùn yóò jáde, èyí tó wà lẹ́yìn yóò há síbẹ̀. Igun ọ̀rá àti ojú ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀ náà tún ń pa tiwọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni ti òróró fúnra rẹ̀. Kò ṣàn bí omi, ńṣe ló ń wọ́. Bí ẹ bá ṣe ń kánjú dà á tó ni èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá yóò ṣe nípọn tó. Ẹni tó bá ṣe sùúrù, díẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ṣíbí tíì kan, ìyẹn mílílítà 5, ló ń kù sínú ọ̀rá kan. Ogójì ọ̀rá lọ́sẹ̀, mílílítà 200 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Lítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ni yóò bá ààtàn lọ! Ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ẹ fi owó òróró àdúgbò yín sí i, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rẹ́rìn-ín.

ÒYÌNBÓ NÁÀ JÌYÀ RẸ̀

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Láyé àtijọ́, àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ń di ọ̀dà sí. Wọn a fi ìṣó gún un, wọn a fún ọ̀dà jáde, wọn a sì fi ìṣó náà dí i padà. Kì í dí dáadáa, èyí tó kù a sì gbẹ mọ́ inú. Ní ọdún 1841, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní London, John Goffe Rand, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀pá tánganran tó rọ̀, bí irú èyí tí ọṣẹ ìfọyín ń wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀, kì í sì í wú padà fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ sì lè ká a láti ìdí wá.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kan Bàbá Oníbátìrì wa gan-an. Ásíìdì bátìrì tí wọ́n bá ń dà láti inú kẹ́ẹ̀gì, “gbọ́ọ́kù, gbọ́ọ́kù” yẹn ló ń jẹ́ kó ta sí ènìyàn lára. Ní ọdún 1955, William R. Scholle ní Amẹ́ríkà fi ásíìdì sínú ọ̀rá, ó sì fi ọ̀rá sínú àpótí. Ọ̀rá ń sún kì, afẹ́fẹ́ kò wọlé, ásíìdì ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní Australia, Thomas Angove gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní ọdún 1965 láti ta wáìnì nínú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀, torí wáìnì tí afẹ́fẹ́ kò bá kàn kì í tètè kan. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Ẹ ó gé igun ọ̀rá, ẹ ó dà á, ẹ ó sì fi pẹ́ẹ̀gì dí i! Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nílé náà nìyẹn. Ní 1967 ni Charles Malpas àti ilé-iṣẹ́ Penfolds tó fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń ṣí tí a ń tì sí ẹnu ọ̀rá. Nínú òmíràn lónìí, wọ́n a fi ọ̀já ike tó ní ipa lára sínú, kí ara ọ̀rá méjèèjì má baà lẹ̀ mọ́ra kí omi tó tán.

Ilé ìwòsàn náà ń jẹ oore rẹ̀. Láti ọdún 1950 tí Carl Walter àti William Murphy ti ṣe ọ̀rá tí a ń gba ẹ̀jẹ̀ sí ni ìgò tó ń fọ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ìgò dríìpù ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, ọ̀rá tó rọ̀ kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Bí ènìyàn yín bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fọwọ́ fún ọ̀rá dríìpù pé ẹ kò fẹ́ kí ìkán kan ṣòfò. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ọ̀rá lè bá a wọ inú iṣan, ó sì lè pa ènìyàn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

BÍ A TI Ń ṢE É

Èyí ni mo rí kọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́yin àti Bàbá Oníbátìrì:

Ẹ gé igun, ẹ má gé àárín. Tí ẹ bá gé àárín, igun méjì ni yóò há òróró mọ́. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ lò, kì í ṣe eyín.

Ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ ká a láti ìdí wá bí ẹní. Bí ẹ kò bá tíì lò ó tán, ẹ fi pẹ́ẹ̀gì mú ibi tí ẹ ká a dé.

Ẹ má kánjú. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tàbí etí páànù nù ún jáde díẹ̀díẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, tí epo pupa àti òrí bá dì, ẹ fi ọ̀rá sínú oòrùn tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Yóò yọ́, yóò ṣàn. Ẹ má gbé e súnmọ́ iná.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ là á, kí ẹ gbé e kọ́ sórí abọ́.

Tòmátò inú ọ̀rá, ẹ fi omi ọbẹ̀ ṣan inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irun, omi díẹ̀ nínú ọ̀rá ọṣẹ ìfọrun, ẹ mì í, ó ti di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi omi ṣan ọ̀rá òróró kí ẹ wá dà á sínú páànù tó gbóná o, yóò ta sí yín lójú!

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ti ṣe ohun kan jáde ní ọdún 2012 tí wọ́n ń kùn sí inú ìgò, tí ohun tó ki kì í fi í lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ìyẹn tó dé ọ̀rá òróró wa ní gáréèjì, ọwọ́ wa la ó máa lò.

Ọmọbìnrin náà ṣì wà lọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́yin. Nígbà tí mo débẹ̀ gbẹ̀yìn, mo bá okùn kan lókè sítóòfù, ọ̀rá mẹ́fà dorí kodò lórí rẹ̀ bí àdán. Mo béèrè pé ọ̀rá kan, àwo mélòó? Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Márùn-ún ni sà. Nígbà mìíràn ó máa ń kù díẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọgbọ́n tó ju èyí lọ, tàbí tí wọ́n ti fi irú ẹ̀sùn báyìí kàn rí, ẹ kọ̀wé sí wa. Ojú ìwé àwọn òǹkàwé ṣí sílẹ̀ fún yín.