Táyà ńlá lábẹ́ Hilux: Ohun tí àwọn tó ń pààrọ̀ rẹ̀ kì í rò

Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, àwọn tó ń kó kòkó jáde lóko lágbègbè Ìdànrè mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ẹrọ̀fọ̀ á gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mì, wọ́n á wá máa wá ọkọ́ àti pákó kiri. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ti ra Hilux tàbí jíìpù, ìmọ̀ràn tó máa ń kọ́kọ́ gbà ni pé kó yọ táyà tó bá a wá, kó fi èyí tó ga, tó sì fẹ̀ jù ú lọ sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tí táyà náà máa ṣe bí ọkọ̀ bá kúrò lóko, tó bọ́ sójú ọ̀dà, wọn kì í sọ ìyẹn.

Ọ̀pọ̀ Hilux ló ń lo táyà 265/65R17, tí gíga rẹ̀ tó mílímítà 776. Bí wọ́n bá fi 285/70R17 rọ́pò rẹ̀, gíga á di 831. Aago tó ń ka eré ọkọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ fún ọkọ̀; iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí ló ń kà. Nígbà tó bá kọ 100, eré tí ọkọ̀ ń sá gan-an ti tó 107. Bẹ́ẹ̀, kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni òfin Nàìjíríà fi gba ọkọ̀ àdáni láàyè lójú ọ̀nà márosẹ̀. Awakọ̀ tó rò pé òun ń pa òfin mọ́ ti rú u. Ta ló fẹ́ gbà á gbọ́ pé aago ló parọ́ fún un?

Ti bíréèkì ló burú jù. Táyà ńlá wúwo, ó sì ṣòroó dá dúró, bẹ́ẹ̀ bíréèkì àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Bí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé bá já sójú ọ̀nà, ọkọ̀ lè ré ibi tó yẹ kó dúró sí kọjá. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn á tún gbé síríǹgì sókè kí táyà má baà máa ha mọ́gáàdì. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá di ẹrù sẹ́yìn, kó sì máa sáré wọ kọ́nà, kò ṣòro fún un láti dojú dé.

Kí sì ni èrè rẹ̀? Ìdajì péré nínú ohun tí táyà fi ga sí i ló ń gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, mílímítà 27 ni, kò tó ìbú ìka méjì! Táyà tí eyín rẹ̀ jinlẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, lè gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹrọ̀fọ̀.

Ní Australia, níbi tí wọ́n ti ń wa jíìpù gba inú aṣálẹ̀, ìlànà ìjọba ni pé táyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ju mílímítà 50 ga ju èyí tó tóbi jù tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fọwọ́ sí, àyàfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì fún un níwèé àṣẹ. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ Hilux yìí ti lé 50. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ táyà wà lára ohun tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń torí rẹ̀ bu owó ìtanràn lé awakọ̀, àwọn VIO náà sì láṣẹ láti yẹ ọkọ̀ wò bóyá ó yẹ lójú títì. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tí wọn ò sì sọ fún pé wọ́n ti yí ọkọ̀ padà lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ti tókunbọ̀ tún wà ńbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ táyà ńlá tí wọ́n ń tà ló jẹ́ àlòkù. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àkọlé DOT ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 1217 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2017. Ìwọ̀n táyà tó bá ọkọ̀ mu wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, pẹ̀lú iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kí fọganáísà fà sí i.