Òṣómàálò Lẹ́nu Ọ̀nà Ìjọba

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti dé Òṣogbo rí, yóò ti rí ojú irin tí ó gba inú ìlú náà kọjá. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ojú irin yìí ní ọdún 1896. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin títí ó fi dé ilẹ̀ Haúsá. Ṣùgbọ́n kò yà sí Iléṣà. Nítorí náà, Ìjẹ̀ṣà tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní láti kọ́kọ́ wá sí Òṣogbo, ìrìn nǹkan bí 30 kìlómítà.

Púpọ̀ nínú àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń wọ ọkọ̀ náà láyé àtijọ́ jẹ́ oníṣòwò aṣọ. Wọn a ra aṣọ ní ìlú ńlá, wọn a gbé e lọ sí ìletò àti abà, wọn a sì tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀ yóò máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sì pé, oníṣòwò náà yóò jí lọ sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè ní kùtùkùtù, yóò sì lóṣòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó jókòó, kò ní jókòó. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, kò ní jẹ ẹ́. Òṣòó ni yóò ló títí yóò fi gba owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi mọ̀ wọ́n, Òṣómàálò.

N kò sọ pé ẹnu wọn dùn o! Ọ̀rọ̀ Òṣómàálò a máa ta bí ata wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣe dáadáa. Kò bá onígbèsè jà, kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń wò ó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ojú yóò ti onígbèsè, yóò sì wá owó jáde.

Ní ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ní Nàìjíríà lóṣòó báyìí sí ẹnu ọ̀nà ìjọba òyìnbó. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Gbèsè wo ni ìjọba jẹ wọ́n? Ní ayé ìgbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe àkóso ilẹ̀ wa. Nínú iṣẹ́ ìjọba, àwọn òyìnbó ni ó wà ní ipò gíga. Àwọn ni owó ńlá, àwọn ni ilé tí ó dára. Ènìyàn dúdú ni ó ń gbé ẹrù, òun ni ó ń da èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin, òun ni ó ń tún irin ṣe nínú oòrùn, òun náà sì ni akọ̀wé kékeré. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Oúnjẹ wọ́n, aṣọ wọ́n. Ní ọdún 1942 ìjọba fi owó díẹ̀ kún owó àwọn òṣìṣẹ́ dúdú nítorí ọ̀wọ́n náà. Ọjà kò dúró síbẹ̀, ó tún ń gòkè sí i, ṣùgbọ́n ìjọba kò tún fi nǹkan kan kún un mọ́.

Ṣùgbọ́n ìjọba rí owó fún àwọn òyìnbó tí ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n fún wọn ní àjẹmọ́nú nítorí pé ìyàwó àti ọmọ wọn jìnnà sí wọn, wọ́n wà ní òkè òkun. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun àwọn òṣìṣẹ́ dúdú nìyí. Àwọn náà ní ìyàwó, àwọn náà ní ọmọ, ọjà kan náà ni gbogbo wọn sì ń ná. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní owó nìkan ni ìjà náà dá lé, ẹ má gbà. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ṣé ebi ọmọ ènìyàn dúdú kì í ṣe ebi ni.

Wọ́n fẹ́ kí ìjọba fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n náà. Wọ́n sì fẹ́ kí owó iṣẹ́ òòjọ́ lébìrà tí ó kéré jù lọ má dín ní ṣílè méjì àti sísì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá yín àgbà, wọn yóò sọ fún yín nípa ṣílè àti sísì. Òun ni a ń ná kí náírà tó dé ní ọdún 1973.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn jù lọ nínú ìjà yìí ni Michael Imoudu. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Ọ̀rà ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, a sì bí i ní ọdún 1902. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ó sì di olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní ọdún 1941, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé gómìnà ní Èkó. Gómìnà Bourdillon gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n inú àwọn aláṣẹ kò dùn sí Imoudu. Ní ọdún 1943 wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n mú un, wọ́n sì fi í sí agbègbè Auchi pé kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọdún méjì ni ó lò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Nígbà tí ó padà wọ Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1945, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó jáde láti pàdé rẹ̀.

Nínú oṣù náà gan-an ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Bí ọmọ kan bá yan ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódì, kò ní bá a sọ̀rọ̀, kò ní bá a ṣeré, ṣùgbọ́n kò nà án. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe sí iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Àwọn kan nínú àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà. Ní òru ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17 da iṣẹ́ sílẹ̀: àwọn ti rélùwéè, àwọn ti ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà, àwọn ti P.W.D. tí ń ṣe ọ̀nà, àti àwọn mìíràn. Iye wọn lé ní 30,000.

Ẹ fi ojú inú wo ibùdókọ̀ ojú irin ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ká ní Òṣómàálò kan ru ẹrù aṣọ rẹ̀ dé Òṣogbo. Kò bá ẹni tí yóò já ìwé ọkọ̀ fún un, kò rí ẹni tí yóò ju àsíá. Ó lè bínú díẹ̀ nítorí ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣàlàyé fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ kò jà, wọn kò sì ní padà sí iṣẹ́ àfi bí ìjọba bá san owó, ta ni ó tún lè yé jù ú lọ?

Kò rọrùn. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò gba owó, onílé sì fẹ́ gba owó ilé rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Àlímótù Pẹ̀lẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn nígbà náà, kò kẹ̀yìn sí àwọn òṣìṣẹ́. Ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe gbè wọ́n lẹ́yìn. Ìjọba ní ìyanṣẹ́lódì náà lòdì sí òfin, nígbà tí ó sì di oṣù keje, wọ́n fi òfin de méjì nínú àwọn ìwé ìròyìn Azikiwe. Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà, tí ẹ mọ̀ fún eré ìtàgé, fi ìyà àti ebi ìgbà náà ṣe eré. Nígbà tí ó gbé e dé Jos, àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e.

Ó lé ní 40 ọjọ́ tí wọ́n fi lóṣòó. Ní oṣù kẹjọ, ìjọba ṣèlérí pé àwọn kò ní fi ìyà jẹ ẹni tí ó yanṣẹ́ lódì, pé ìgbìmọ̀ kan yóò sì wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Tudor Davies ni ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ tí ó ti ìlú Òyìnbó wá, ohun tí wọ́n sì sọ ní ọdún 1946 ni pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n náà. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní tèmi, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n sun ọkọ̀ ojú irin tàbí wọ́n sọ òkò lu òyìnbó ni, ìjọba ì bá rí àyè pè wọ́n ní jàǹdùkú, ọ̀rọ̀ owó ì bá sì parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́ kò lè rí ikú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Wọn kò mú ìbọn dání. Ọlọ́pàá yìnbọn, ènìyàn 21 sì kú. Ẹni tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà alágbára mọ̀ pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu, síbẹ̀ ó lóṣòó.

Kì í ṣe owó iṣẹ́ nìkan ni àwọn ènìyàn wa bá ìjọba fà. Ní ọdún 1947, Ivor Cummings, ọmọ ará Sierra Leone tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni. Nígbà tí ó dé Bristol Hotel, wọn kò fún un ní yàrá nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ariwo ta ní Èkó, àwọn ènìyàn sì fi ẹ̀hónú hàn títí Gómìnà Richards fi pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin ní gbogbo ibi tí ó jẹ́ ti ará ìlú.

Ní ìlú Montgomery ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí ènìyàn dúdú jókòó sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, kí ó sì dìde fún òyìnbó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1955, Rosa Parks kọ̀, kò dìde. Wọ́n mú un. Àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ọjọ́ 381. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́ nínú òjò àti òtútù, títí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi ní òfin náà kò tọ́. Martin Luther King, ọmọ ọdún 26, ni olórí wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, ẹnì kan ju bọ́ǹbù sí ilé rẹ̀ nígbà tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé. Kò sí ẹni tí ó farapa. Àwọn ènìyàn sáré wá pẹ̀lú ìbínú, ohun ìjà wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. King dúró ní iwájú ilé tí bọ́ǹbù bà jẹ́, ó ní kí wọ́n kó ohun ìjà wọn padà sílé. Ẹ ronú sí i. Ilé tirẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́, òun náà ni ó ń bẹ àwọn mìíràn pé kí wọ́n má gbẹ̀san.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, nígbà tí wọ́n fi Azikiwe jẹ gómìnà àgbà, King wà lára àwọn àlejò tí ó wá sí Èkó. Imoudu ní tirẹ̀ pẹ́ láyé, ó kú ní ọdún 2005 lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni 100 ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan wà ní Ìlọrin tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, orúkọ Imoudu ni wọ́n fi pè é. Ojú irin tí ó gba Òṣogbo kọjá náà ni ó dé ìlú yẹn.