Owó irin àtijọ́ tó ń dán yanran: Ẹ yẹ etí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó náwó lé e!

Bí àgbàlagbà kan bá papò dà nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ìbáà ṣe l'Ókìtìpupa, Igbótako, Ìlútítun tàbí Òde-Ìrèlè, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí àpótí ẹ̀ lẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ òkè á jáde, ìwé ilẹ̀ á jáde, lábẹ́ gbogbo ẹ̀ pátápátá ni wọ́n á ti bá àpò kékeré kan tí owó àtijọ́ wà nínú ẹ̀. Ànínì tó nihò láàárín, tọ́rọ́, sísì, ṣílè, kọ́bọ̀ ayé Gowon, títí dórí owó onírin ti 1991 táwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fi ra nǹkan kan rí. Kò ní í pẹ́ tẹ́nì kan á fi sọ pé òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń fi mílíọ̀nù ra irú ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù bá ti wọlé báyìí, ẹ̀gbọ́n ò ní í gbà fún àbúrò mọ́.

Ibi tí wàhálà gan-an wà kọ́ nìyẹn o. Ẹni tí owó náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ á wò ó, á rí i pé ó ti dúdú, ó ti dógùn-ún, á ní ta ló fẹ́ ra irú èyí. Ló bá di ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù. Ìyẹn á fọ̀ ọ́, á rì í sínú omi tí wọ́n fi iná bátìrì sí, nígbà tó bá sì máa fi yọ ọ́, á máa kọ mànà bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Inú onítọ̀hún á dùn. Kò mọ̀ pé ìwọ̀nba iyì tó wà lára owó náà lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún kí wọ́n bá òun bó dànù. Àwọn tó ń ra owó àtijọ́ ò fẹ́ èyí tí wọ́n tún lára ṣe. Èyí tó bá dúdú, àmọ́ tẹ́nì kan ò fọwọ́ pa rí, ni wọ́n ń wá.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé mọ̀ọ́mọ̀ ni tiwọn. Wọ́n á ra èyí tó ti dógùn-ún ní ẹ̀dínwó, wọ́n á tún un rì, wọ́n á wá gbé e fún ẹni tí ò mọ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó bó ṣe ń dán, ẹnì kan ò ná an rí!"

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéèyàn, ó yẹ kéèyàn mọ ohun tí wọ́n fi ṣe owó wa. Orúkọ kọ́bọ̀ fúnra ẹ̀, ara bàbà tí òyìnbó ń pè ní copper ló ti wá. Nígbà tí Nàìjíríà pa owó pọ́n-ùn àti ṣílè tì, tí wọ́n gbé náírà àti kọ́bọ̀ jáde ní January 1, 1973, bàbà tí wọ́n po nǹkan mọ́ ni kọ́bọ̀ kan, bàbà àti níkẹ́lì sì ni kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1991 ni irin dé. Kọ́bọ̀ kan, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n di irin tí wọ́n fi bàbà bò lára. Àádọ́ta kọ́bọ̀ àti náírà kan tó ní àwòrán Herbert Macaulay di irin tí wọ́n fi níkẹ́lì bò. Nǹkan wọ́n títí, owó onírin ò ra nǹkan kan mọ́, ló bá wọ inú àpótí lọ. Èyí tí ìjọba tún gbé jáde ní 2007 náà ò rọ́wọ́ mú.

Irin àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ò sì jìnnà sómi, àwọn Ìlàjẹ ló wà láàárín wọn àti òkun, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wọn. Ẹ wo páànù orí ilé bó ṣe ń pọ́n níbẹ̀. Bí bàbà ara kọ́bọ̀ 1991 bá ti ha níbì kan ṣoṣo, irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, kódà á yá ju bí ì bá ṣe jẹrà ká ní kò sí bàbà lára ẹ̀ rárá lọ. Nítorí náà, owó irin tó ti lo ọgbọ̀n ọdún nínú àpótí l'Ókìtìpupa, tí ò wá lábààwọ́n kankan, ìfura loògùn àgbà.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa mú ni òòfà. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ti 1973 àti ti 1991, àwòrán ọ̀pẹ ló wà lára méjèèjì, bí ẹni pé ará Òkìtìpupa ló yà á. Bí ọdún ara ẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ sún un mọ́ òòfà. Ti 1991 á fò mọ́ ọn, ti 1973 ò ní í mira. Àmọ́ ẹ má ṣi òòfà gbọ́ o. Irin tó wà nínú ló ń bá yín mú, kò lè sọ fún yín bóyá wọ́n ti tún ara ẹ̀ rì. Irin ni tẹ́lẹ̀, irin náà ló ṣì jẹ́.

Owó tí wọ́n ti fi èyí lu jìbìtì jù lágbàáyé ni sẹ́ǹtì kan Amẹ́ríkà ti 1943. Ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, bàbà ń lọ síbi ọta ìbọn, ni wọ́n bá fi irin tí wọ́n fi síńkì bò ṣe sẹ́ǹtì lọ́dún yẹn, irú síńkì tó wà lára páànù gan-an. Ó lé ní bílíọ̀nù kan tí wọ́n ṣe, ìdí sì nìyẹn tí èyí tó ti ná dáadáa kì í fi í sábà pé dọ́là kan. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ kan ṣèèṣì jáde lórí bàbà lọ́dún kan náà. Ọmọ ilé-ìwé kan ní Massachusetts rí ọ̀kan nínú ṣéńjì oúnjẹ ẹ̀ ní 1947, nígbà tí wọ́n sì máa fi gbé e sí gbàǹjo ní January 2019, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́rin dọ́là ni wọ́n tà á. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá! Látìgbà náà làwọn kan ti ń fi bàbà kun tonírin. Ibí yìí ni òòfà ti ń tú àṣírí: bàbà tòótọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Òṣùwọ̀n náà ń jẹ́rìí, gíráàmù 3.11 ni ti bàbà, 2.7 péré ni ti irin.

Èyí tí wọ́n fi síńkì tún bò ńkọ́? Etí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Odidi abala irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi síńkì bò, kí wọ́n tó gé owó lára ẹ̀ bí ẹni ń gé bisikíìtì. Ojú àti ẹ̀yìn owó ni síńkì wà, irin ìhòòhò ló wà ní etí. Bẹ́ ẹ bá wá rí sẹ́ǹtì 1943 tí etí ẹ̀ ń dán bí ojú ẹ̀, wọ́n ti tún un rì nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ má lọ fi èyí dán kọ́bọ̀ wa wò. Owó tí wọ́n bá ti gé tán kí wọ́n tó rì í sínú bàbà, etí ẹ̀ ti láṣọ láti ilé wá.

Fún irú ìyẹn, ojú ló kù tẹ́ ẹ máa wò. Ẹ gbé e sábẹ́ iná, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Owó tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí ẹnì kan ò sì tún ṣe, ìmọ́lẹ̀ á máa yí lára ẹ̀ bíi wáyà kẹ̀kẹ́ tó ń sáré, nítorí ìlà tín-tìn-tín tí ẹ̀rọ fi síbẹ̀ nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n tún rì á kàn dán lójú kan, gbogbo ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi bọ́ńpà mọ́tò. Ẹ yá awò oníṣẹ́ aago, kẹ́ ẹ wá ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ bí ojú ẹni tí ṣàǹpọ̀nná jà. Ìpẹtà ló gbẹ́ ihò yẹn. Bí inú ihò náà bá ń dán, ẹ bi ara yín léèrè: báwo ni ìpẹtà ṣe jẹ ẹ́, tí ibi tó jẹ wá ń dán? Ẹ wo lẹ́tà ara ẹ̀ náà, á wú, etí ẹ̀ ò ní í mú mọ́. Tàbí kí imú àti etí ẹni tó wà lára owó ti pa rẹ́ tán, kí awọ ara ẹ̀ wá tuntun. Arúgbó tó kun àtíkè ni.

Ẹni tó bá sì lóun fẹ́ ra kọ́bọ̀ 1991 ní mílíọ̀nù, àmọ́ tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Owó tí wọ́n ń ná káàkiri Nàìjíríà kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, yálà wọ́n tún un rì tàbí wọn ò tún un rì.

Àwọn ọmọ tó ń jà sí àpò bàbá wọn, kí wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ àti Brasso sílẹ̀ ná. Kí wọ́n fi aṣọ tó gbẹ wé owó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí irin má máa ha irin, kí wọ́n sì gbé e kúrò nínú ọ̀rinrin. Bó bá jẹ́ ọ̀pẹ ló wà lára ẹ̀, tó funfun, tí òòfà ò sì rí i mú, á jẹ́ pé ó ti wà ṣáájú ti 1991 nìyẹn.