Ìròyìn ò tó àfojúbà: ẹ jẹ́ kí ọmọ Bàrígà fojú rí máàtì

Ẹ yà sí ọ̀dọ̀ àwọn onítẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ ó rí jiọ́mẹ́trì lójú títì. Ẹni tó ń gé pépà mọ̀ pé tí òun bá gé A4 sí méjì lágbedeméjì, A5 méjì ló máa dà. Ìrísí wọn ò ní yàtọ̀ sí ti A4, wọ́n kàn kéré ni. Tó bá gé e wọ́ díẹ̀, iṣẹ́ oníbàárà bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni yìí lè sọ pé òun ò mọ máàtì o. Irọ́ ni! Ohun tójú rí, tọ́wọ́ bà, kì í ṣòro gbà.

Ẹ wá sọdá sí Bàrígà, kẹ́ ẹ bi ọmọ SS2 kan nípa circle theorem. Ó ṣeé ṣe kó kà á lákàsórí: tí igun méjì bá dúró lé apá kan náà lára róbótó, tàárín máa jẹ́ ìlọ́po méjì tetí. Ṣùgbọ́n kí WAEC dojú àwòrán yẹn délẹ̀, wàhálà dé. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya olódo. Àwòrán tí tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì yà ò lè rìn ni.

Èyí tó ń rìn wà nílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Markus Hohenwarter, ọmọ orílẹ̀-èdè Austria, ló bẹ̀rẹ̀ GeoGebra lọ́dún 2001, nígbà tó wà ní yunifásítì Salzburg. Lórí fóònù, ẹ ya róbótó, ẹ fi ìka wọ́ igun etí lọ sọ́tùn-ún, wọ́ ọ sósì. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, iye rẹ̀ ò ní yí padà.

Lóòótọ́, rírí nìkan ò tó. Mo kàwé lọ́ọ̀yà, mo mọ̀ pé ká rí nǹkan yàtọ̀ sí ká fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti rí i ló máa béèrè pé, “Kí ló dé tí ò fi yí?” Ibẹ̀ niṣẹ́ tíṣà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa ní, ọ̀fẹ́ wo, nígbà tí dátà wọ́n? Òótọ́ ni. Lóṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà káwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti wa áàpù GeoGebra sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kolibri náà wà: ẹ kó ẹ̀kọ́ Khan Academy sórí kọ̀ǹpútà kan, fóònù àwọn ọmọ á máa fi Wi-Fi kà á nínú kíláàsì, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìjọba mọ ọ̀nà yìí. Ọ̀ṣun ṣe Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ lọ́dún 2013. Èkó náà fi EKOEXCEL pín tablet fáwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ilé ẹ̀kọ́ girama kọ̀ọ̀kan ní Ṣómólú àti Bàrígà ò lè ní kọ̀ǹpútà kan, projector kan, àti tíṣà tí wọ́n kọ́ bó ṣe máa lò ó?

Abala 18 òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ tó dọ́gba, tó sì péye. Àmọ́ abala 6(6)(c) ò jẹ́ ká lè torí ìyẹn nìkan gbé ìjọba lọ kóòtù. Ẹnu wa ló kù. Ẹ bi káńsílọ̀ yín, ẹ sọ ọ́ nípàdé òbí àti tíṣà. Ẹ̀yin ọmọ UNILAG tẹ́ ẹ wà ní Akọka nítòsí, wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé ò pọ̀ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ka èyí lórí fóònù, ẹ wa áàpù yẹn sórí ẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ gbé e fún àbúrò yín. Ẹ jẹ́ kó fìka wọ́ igun yẹn fúnra ẹ̀.