Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀rù Bá Yín Yan Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn

Bí dókítà bá ti sọ pé “jẹjẹrẹ ni” tán, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kù mọ́. Ọkàn á ti fò lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, sórí owó tí kò sí nílẹ̀, sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa. Kò sí ẹni tó yẹ kó bá obìnrin wí pé ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀, ìpinnu tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù sì ti máa ń ṣìnà fúnni. Àwọn kan á sá, wọn ò ní padà sí ilé ìwòsàn títí ọmú á fi di egbò. Àwọn mìíràn á kánjú gba ohunkóhun tí ẹni àkọ́kọ́ bá fi lọ̀ wọ́n, ì báà jẹ́ abẹ, ì báà jẹ́ agbo. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀nà kan wà tó dára ju méjèèjì lọ: kí obìnrin mọ irú jẹjẹrẹ tó wà lára rẹ̀ gan-an, kó fi ìmọ̀ yẹn yan ìtọ́jú, kó sì parí àyẹ̀wò àti ìpinnu náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má di ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, mílíọ̀nù 2.3 obìnrin ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára wọn káàkiri ayé, nǹkan bí 670,000 ènìyàn ni àrùn náà sì pa lọ́dún náà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún nílẹ̀ Áfíríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, fi hàn pé nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tó kópa níbẹ̀, nǹkan bí 36 péré ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 3. Nínú àwọn obìnrin Nàmíbíà tí kì í ṣe aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 90 nínú 100 ni. Orúkọ kan náà ni àrùn wọn ń jẹ́. Ohun pàtàkì tí àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí ni pé àwọn tiwa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ìtọ́jú tí wọ́n ń rí gbà kì í sì í pé. Èyí fi hàn pé ikú tí à ń rí láyìíká wa kì í ṣe àyànmọ́ ẹni tó ní jẹjẹrẹ. Apá tó pọ̀ níbẹ̀ jẹ́ ohun tí ìpinnu ènìyàn, àti ti ìjọba, lè yí padà.

Ìpinnu tó dára sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ̀, nítorí jẹjẹrẹ ọyàn kì í ṣe àrùn ẹyọ kan. Kókó méjì lè rí bákan náà lábẹ́ ìka, kí wọ́n má sì jọra rárá nígbà tí wọ́n bá gbé wọn sábẹ́ ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Á kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ìrora wọlé, lẹ́yìn náà á ki abẹ́rẹ́ mìíràn tó nípọn díẹ̀ bọ inú kókó náà, á sì fa ẹran tín-ín-rín bí igi ìṣáná jáde ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan. Inú ìgò omi fómálìn ni wọ́n ń fi í sí lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹbí aláìsàn ló ń gbé ìgò yìí lọ sí láàbù fúnra wọn. Kí wọ́n má fi í sílé rárá, nítorí bí ẹran náà bá pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, èsì lè yí padà.

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló yẹ kí ẹ béèrè lórí ẹran yìí: ER, PR àti HER2. Bí ER tàbí PR bá wà níbẹ̀, á jẹ́ pé họ́mọ̀nù ara obìnrin ló ń mú jẹjẹrẹ náà dàgbà. Tamoxifen, oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5, ó kéré tán, máa ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ tirẹ̀ kì í ṣe irú yẹn kò ní rí àǹfààní kankan nínú tamoxifen. Bí HER2, èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, bá pọ̀ jù, oògùn trastuzumab wà fún un, èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1998. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kimó, ìyẹn àwọn oògùn alágbára tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ni òpómúléró ìtọ́jú. Irú èyí sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìmọ èsì mẹ́ta yìí lè náwó tán sórí oògùn tí kò bá tirẹ̀ mu.

Àwọn kan á ní abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò ló ń tan jẹjẹrẹ káàkiri, pé ẹni tí wọ́n bá ti fi abẹ kàn kì í pẹ́ kú. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi gbà bẹ́ẹ̀: ojú wọn ti rí ẹni tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni àrùn ti dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìpẹ́dé ló pa wọ́n, abẹ ló wá gba ẹ̀bi rẹ̀. Bákan náà ni kimó ṣe ń gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Doxorubicin, ọ̀kan nínú àwọn oògùn kimó, pupa, ó sì lè sọ ìtọ̀ di pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tí wọn kò sọ fún á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ó sì lè sá. Irun orí á re, ṣùgbọ́n á tún hù lẹ́yìn ìtọ́jú. Ohun tí wọ́n bá ti ṣàlàyé fúnni ṣáájú kì í dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀.

Gígé ọmú ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù jù. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà tí William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ní Baltimore, fi lélẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé: wọ́n á gé gbogbo ọmú àti ẹran àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kó àwọn kókó abíyá. Ní ọdún 1976, Bernard Fisher, oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwádìí dán ìgbàgbọ́ pé gígé púpọ̀ ló dára jù wò pẹ̀lú obìnrin 1,851. Èsì ogún ọdún jáde ní 2002: àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún wà láàyè bíi ti àwọn tí wọ́n gé odindi ọmú fún. Umberto Veronesi ní Ítálì rí irú èsì kan náà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Nínú 100 obìnrin tí wọ́n yọ kókó fún tí wọn kò gba ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy), nǹkan bí 39 ni jẹjẹrẹ tún yọ sínú ọmú wọn. Nínú àwọn tó gba ìtànṣán, nǹkan bí 14 ni. Nítorí náà, bí dókítà ní Nàìjíríà bá gba obìnrin níyànjú pé kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìkà ló ń ṣe. Kókó náà lè ti tóbi jù, tàbí kí ẹ̀rọ ìtànṣán jìnnà sí ìlú aláìsàn. Ẹ béèrè ìdí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá ọ̀nà wà láti lọ gba ìtànṣán ní ibòmíràn, bíi ibùdó jẹjẹrẹ tó wà ní LUTH l'Ékòó láti ọdún 2019.

Ẹnìkan lè ní gbogbo ìbéèrè yìí á fa ìdádúró, bẹ́ẹ̀ àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òótọ́ ni pé ìdádúró léwu. Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn BMJ lọ́dún 2020 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ 4 kọ̀ọ̀kan tí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ bá fi pẹ́ sí i ń fi nǹkan bí ìdá 6 sí 8 nínú 100 kún ewu ikú. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí a fi dúró de èsì, tí a sì fi gbọ́ ti dókítà kejì, kì í ṣe ìdádúró. Ara ìtọ́jú ni. Ìdádúró ni oṣù mẹ́fà tí a fi ń mu agbo. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, rí i pé àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ọyàn tí àrùn wọn kò tíì tàn, tí wọ́n wá yan ìtọ́jú mìíràn dípò ti ilé ìwòsàn, fi ohun tó lé ní ìlọ́po 5 wà nínú ewu ikú ju àwọn tó gba ìtọ́jú lọ. Èyí kò tako àdúrà. Ẹni tó ń gbàdúrà lè gbà á lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kí wòlíì tàbí àlùfáà tó bá fẹ́ràn rẹ̀ sì bá a lọ síbẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni owó, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Ọ̀pọ̀ ló ń ta dúkìá kí wọ́n tó lè san owó ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n nítorí owó gan-an ni ìmọ̀ fi yẹ kó ṣáájú. Kimó tí a dá dúró láàárín nítorí pé owó tán, òfò ni lórí ara àti lórí àpò. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí dókítà kọ iye gbogbo ìtọ́jú náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ béèrè ohun tí ìbánigbófò ìlera lè san, kí ẹ sì béèrè nípa owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ tí kò ní lọ́wọ́, èyí tí UCH Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó ẹbí tí a fi ètò kó jọ wúlò ju ìdáwó ojú ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹnìkan máa kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, nítorí etí tirẹ̀ lè má gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sunkún bó bá fẹ́ sunkún. Bó bá ṣì fẹ́ bímọ, kí ó sọ ọ́ kí kimó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ni. Ìwọ obìnrin tí èsì rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, béèrè irú èyí tó jẹ́, béèrè ibi tó dé, béèrè ohun tí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan máa ṣe àti iye tó máa ná ọ. Gbà á sórí ìwé, kí o sì mú ọjọ́ tí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀ kí o tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà.