Awakọ̀ Ló Ṣì í Ni, àbí Kọ̀ǹpútà?

Chicago ni olú ilé-iṣẹ́ Boeing wà nígbà tí bàálù 737 MAX méjì já. Ti Indonesia pa ènìyàn 189 ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ti Ethiopia pa 157 ní oṣù kẹta 2019, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, sì wà lára wọn.

Ṣé awakọ̀ ló jẹ̀bi?

Ètò kọ̀ǹpútà kan, MCAS, ló ń ti imú bàálù wálẹ̀ léraléra, torí atọ́ka kan ṣoṣo tó gbára lé ń parọ́ fún un. Kí ti Indonesia tó já, ìwé ìlànà awakọ̀ ò ṣàlàyé MCAS. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣi ohun tí kò mọ̀ lò?

Wọ́n ti tún un ṣe: atọ́ka méjì ló ń fi wéra báyìí.